Tìróò: Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlówó Mọ̀, àti Ohun Tí Ojúlówó Náà Jẹ́

Ọ̀rọ̀ ojú ni a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí, àwọn àgbà sì ti sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá wọ ọjà Ìlobùú, tàbí tí ẹ ré kọjá sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tí ó múlé tì í, ẹ ó rí àwọn tí ń ta lààlì, osùn, káún àti álọ́ọ̀mù. Láàárín àwọn ọjà báwọ̀nyí ni òkúta kékeré kan máa ń wà, ó dúdú, ó ń dán, ó sì wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Tìróò nìyẹn.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi ara wọn nípa rẹ̀ ni pé: báwo ni a ṣe lè mọ ojúlówó tìróò yàtọ̀ sí ayédèrú? Ìbéèrè gidi ni, nítorí a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. A ó dáhùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ìdáhùn náà dé ìdajì kí ẹ dìde, nítorí pé ìdajì tí ó kẹ́yìn ni ẹ̀mí ọmọ wà.

KÍ NI TÌRÓÒ?

Tìróò jẹ́ òkúta tí a ń wà nínú ilẹ̀, tí a ń lọ̀ kúnná, tí a sì ń fi igi tín-ín-rín lé sí etí ìpéǹpéjú. Lé ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a rìn: a ń lé tìróò gẹ́gẹ́ bí a ti ń lé lààlì. Àwọn Haúsá ń pè é ní kwalli tàbí tozali, àwọn Ìgbò ń pè é ní otanjele, àwọn Lárúbáwá sì ń pè é ní kuhl. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ni ín. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún tí àwọn ará Íjíbítì ti ń fi irú òkúta yìí kun ojú.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa òkúta fún un ni galena. Òjé àti imí-ọjọ́ ni ó para pọ̀ di galena. Bí a bá wọn òkúta náà ní ìwọ̀n 100, òjé nìkan yóò kó nǹkan bí 86 nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń túmọ̀ tìróò sí antimony, ṣùgbọ́n òkúta mìíràn ni ti antimony, stibnite ni orúkọ rẹ̀. Ohun dúdú tí ń dán ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń jẹ́ orúkọ ara wọn lọ́jà. Ní orílẹ̀-èdè wa, ilẹ̀ Ẹ̀bọ́nyì, ní agbègbè bí Ishiagu àti Enyigba, àti Zurak ní ìpínlẹ̀ Plateau, wà lára ibi tí galena pọ̀ sí.

IPÒ TÌRÓÒ NÍNÚ ÀṢÀ WA

Nígbà tí a bá ń ka àwọn ohun ẹ̀ṣọ́ ara láyé àtijọ́, a kì í ka osùn àti lààlì kí a fo tìróò. Osùn ni ti ara, lààlì ni ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tìróò ni ti ojú. Ìyàwó tuntun kì í lọ sílé ọkọ láìlé e. Ọkùnrin náà ń lé e, pàápàá láàárín àwọn Mùsùlùmí, nítorí pé hàdíìsì dárúkọ ithmid pẹ̀lú ìyìn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé antimony ni ithmid náà.

Ẹ̀wà nìkan kọ́ ni a ń lé e fún. Ìyá ọmọ tuntun a máa fi lé ojú ọmọ kí ojú náà lè mọ́, kí ó lè tóbi, kí ìpéǹpéjú rẹ̀ sì lè dúdú. Bí ojú bá pọ́n, tàbí tí àpólò bá jà, àwọn kan á ní kí wọ́n bá àwọn wá tìróò. Ẹ ó rí i pé ìfẹ́ ni ó bí àṣà yìí. Òwe wa sọ pé ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Ìyá tí ń lé tìróò fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ojú tí yóò bá ọmọ rẹ̀ kalẹ́ ni ó ń wá.

BÍ ÀWỌN TÍ Ó MỌ ỌJÀ ṢE Ń DÁ OJÚLÓWÓ MỌ̀

Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ kà fún yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀, kí ẹ sì mọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́.

1. Ìwúwo. Gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Galena wúwo tó ìlọ́po méje àti ààbọ̀ omi tí ó gba àyè kan náà. Òkúta lásán tí a ń rí lójú ọ̀nà kì í tó ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, bí èyí tí ó tóbi bí ẹ̀kùrọ́ bá fúyẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe òun. Stibnite, ìyẹn òkúta antimony, kò ju nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ.

2. Bí ó ṣe ń fọ́. Bí wọ́n bá fọ́ galena, kì í fọ́ jákujàku. Igun mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń fọ́ sí, bí ṣúgà onígun tí a ń sọ sínú tíì. Bí wọ́n bá tún fọ́ èyí tí ó kéré jù, igun mẹ́rin náà ni yóò tún ní. Stibnite ní tirẹ̀ máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ tí a dì pọ̀.

3. Dídán. Ojú ibi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ máa ń dán bí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Bí ó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, dídán náà á wọ̀, á di ràkọ̀ràkọ̀. Èyí ni àwọn oníṣòwò ṣe máa ń fọ́ díẹ̀ níwájú oníbàárà kí ó lè rí inú rẹ̀.

4. Rírọ̀. Tìróò kì í le bí òkúta ìbọn. Owó bàbà lè ha á lára, èékánná kò sì jìnnà sí i ní líle. Bí a bá fi fa ìlà sára àwo funfun tí wọn kò dán, ìlà eérú dúdú ni yóò fà. Òkúta dúdú mìíràn tí ó bá le débi pé ó ń ha ìgò, kì í ṣe tìróò.

5. Omi. Èyí wà fún èyí tí wọ́n ti lọ̀, nítorí inú ẹ̀bu ni ayédèrú pọ̀ sí jù. Èédú tí a lọ̀ àti èédú àtùpà ni a sábà máa ń bá nínú rẹ̀. Bí a bá da díẹ̀ sínú omi tí a sì rò ó, ẹ̀bu galena yóò rì sísàlẹ̀ kíákíá, èédú yóò máa léfòó tàbí kí ó máa dà omi rú.

Ní ti iye owó, ohun tí ń gbé tìróò níyì lọ́jà kò ju mẹ́ta lọ: kí ègé rẹ̀ tóbi, kí igun rẹ̀ pé, kí òkúta funfun tàbí àwọ̀ ilẹ̀ má sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ó bá mọ́ tí ó sì wúwo ni ọlọ́jà ń pè ní ojúlówó, òun náà ni ó sì ń gbówó lé.

OHUN TÍ ÀWỌN ÀYẸ̀WÒ YÌÍ Ń SỌ

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè bí ẹni tí ó wà ní kíláàsì. Kí ni ó mú kí tìróò wúwo tó bẹ́ẹ̀? Òjé ni. Kí ni ó mú kí ó dán bí irin? Òjé tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Kí ni ó mú kí ẹ̀bu rẹ̀ rì kíákíá nínú omi? Òjé náà ni. Gbogbo àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ pé tìróò kì í ṣe ayédèrú, àyẹ̀wò òjé ni wọ́n. Bí ọlọ́jà bá sọ fún yín pé, "Ẹ gbé e wò, ẹ ó rí i pé ojúlówó ni," ohun tí ó ń sọ ni pé òjé inú rẹ̀ pé.

Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ tìróò, ojúlówó ni ó léwu ju ayédèrú lọ. Ẹni tí wọ́n fi èédú rẹ́ jẹ pàdánù owó. Ẹni tí ó rí ojúlówó rà tí ó sì fi lé ojú ọmọ, ohun tí ó lè pàdánù ju owó lọ. Èmi kò sọ pé kí ẹ lọ fọkàn tán ẹ̀bu ayédèrú o, nítorí a kì í mọ gbogbo ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojúlówó àti ìwúlò kì í ṣe ohun kan náà.

ÒJÉ LỌ́WỌ́ OLÓÒṢÀ

Àwọn baba wa mọ òjé dáadáa. Apẹja ń so ó mọ́ àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì. Àwọn olóòṣà, ìyẹn àwọn tí ń sin Ọbàtálá, a sì máa fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ìfọ́n kò sì ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ Ọbàtálá: Òrìṣà Olúfọ́n ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, oyè Olúfọ́n ni ọba ìlú náà sì ń jẹ. Inú àṣà yìí ni òwe kan ti jáde tí gbogbo wa mọ̀: A ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ.

Ìtumọ̀ òwe náà ni pé ohun tí a ti ṣe parí, tí ó ti múlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò yí i padà. Ó ṣeni ní kàyéfì pé òwe náà bá ìwà òjé nínú ara ènìyàn mu gẹ́lẹ́. Bí òjé bá wọ inú ara, ó máa ń ṣe bí ẹni pé kálísíọ́mù ni òun, ara á sì gbà á wọlé, á gbé e lọ sínú egungun. Nínú egungun, ó lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí obìnrin bá lóyún, òjé tí ó ti wà nínú egungun rẹ̀ lè tún tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Oògùn kan wà tí àwọn dókítà ń lò láti fa òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí ń dá ọpọlọ tí òjé ti bàjẹ́ padà sí bí ó ti wà. Ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ.

Ẹ lè béèrè pé, ojú kọ́ ni a lé e sí, báwo ni ó ṣe dé inú? Ọmọdé a máa fi ọwọ́ nu ojú, á sì ti ọwọ́ náà bọ ẹnu, kò sí ìyá tí kò mọ èyí. Omi ojú pàápàá ní ọ̀nà tí ó ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sí imú àti ọ̀fun. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ara ọmọdé máa ń fa òjé mu tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ohun tí ara àgbàlagbà ń fà láti inú ìwọ̀n kan náà. Àjọ náà sì sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀

Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan wò, ọmọ oṣù mẹ́fà. Wọ́n bá máíkírógíráàmù òjé 13 nínú déṣílítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan. Ìwọ̀n tí àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ń lò báyìí láti fi mọ ọmọ tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jẹ́ 3.5. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, tìróò ni, tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà, tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé sí i lójú. Wọ́n yẹ tìróò náà wò: òjé kó 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. CDC tẹ ìròyìn yìí jáde ní ọdún 2012, orúkọ tìróò gan-an ni wọ́n sì fi pè é. Ẹ kíyè sí i: lójú ọlọ́jà, tìróò náà kò ní àléébù kankan. Ojúlówó ni.

Ní ọdún 2010, ohun tí ó burú ju èyí lọ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma. Wúrà ni wọ́n ń wà níbẹ̀, kì í ṣe tìróò, ṣùgbọ́n òjé pọ̀ nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé. Eruku rẹ̀ bo àgbàlá àti oúnjẹ. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú. Mo mú èyí wá kí a lè mọ̀ pé lílọ òkúta olójèé nínú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí òjé bá ni yóò kú. Púpọ̀ nínú wọn yóò dàgbà, wọn yóò sì lọ sílé ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ jù. Òjé díẹ̀-díẹ̀ a máa dín òye ọmọ kù, a máa jẹ́ kí ó ṣòro fún un láti fọkàn sí ohun kan pẹ́. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò jókòó ní kíláàsì, a ó pè é ní olódo, a ó ní kò fẹ́ kàwé. Kò sí ẹni tí yóò rántí ohun tí wọ́n lé sí i lójú kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN ÀTAKÒ

Àtakò kìíní: "Ìyá wa àgbà lé e títí ó fi pé ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan." Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n ojú kọ́ ni òjé ń bá jà jù. Ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín ni, kì í sì í pariwo kí ó tó wọlé. Àwọn tí ó sì dàgbà nìkan ni a rí kà, a kò ka àwọn tí wọn kò dàgbà.

Àtakò kejì: "Ẹ̀sìn ni ó fàyè gbà á." Ithmid ni hàdíìsì dárúkọ. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi hàn pé galena ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba òkúta mìíràn dípò.

Àtakò kẹta: "Àwọn òyìnbó náà sọ pé ó ń pa kòkòrò." Lóòótọ́, ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé tẹ ìwádìí jáde pé iyọ̀ òjé kan tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ọwọ́ ṣe lè ta àwọn ọmọ ogun ara jí bí ó bá kéré gan-an. Galena tí a lọ̀ lásán kọ́ ni wọ́n sọ, inú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n sì ti ṣe é, wọn kò ṣe é lójú ọmọ ọwọ́.

KÍ NI KÍ A WÁ ṢE?

Ẹ má ṣe lé tìróò fún ọmọdé rárá. Ojú ọmọ tuntun kò nílò ju omi mímọ́ àti aṣọ mímọ́ lọ. Aboyún àti ìyá tí ń tọ́mọ lọ́wọ́ náà gbọdọ̀ jìnnà sí i.

Bí ojú bá ń pọ́n tàbí tí ó ń ṣepin, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Igi tìróò kan tí ojú mẹ́rin jọ ń lò a máa kó àpólò láti ojú kan sí èkejì.

Ẹ má ṣe lọ tìróò nínú ilé. Ọlọ tí a bá ti fi lọ tìróò kì í tún ṣe ọlọ ata mọ́, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun ìdáná.

Ẹ má ṣe fi tìróò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà fún ìkómọjáde. Òfin Amẹ́ríkà kò gba irú rẹ̀ láàyè gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣaralóge.

Àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ kí ojú òun dúdú lè wá pẹ́ńsùlù ojú tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí wọ́n kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sára páálí, tí kò sì sí òjé níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì ti ń lé e fún ọmọ tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe sọkún, ẹ má sì ṣe fi pamọ́. Ẹ dá a dúró lónìí, ẹ fọ ọwọ́ ọmọ àti ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ó lè ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún òjé. Oúnjẹ tí ó ní kálísíọ́mù àti áyọ́ọ̀nù, bíi wàrà, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, máa ń dín òjé tí ara ń fà kù.

Àwọn kan lè ní mo fẹ́ pa àṣà run. Rárá o. Orúkọ tìróò kò ní parẹ́ nínú èdè wa, ìtàn rẹ̀ kò ní parẹ́, a ó sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa pé ìyá ìyá wọn lé e lọ sílé ọkọ. Àṣà tí a fi ìfẹ́ dá sílẹ̀ ni, ìfẹ́ kan náà ni ó sì ní kí a ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà Ìlobùú, ẹ̀yin àgbà Ìfọ́n, àti ẹ̀yin tí ẹ wà níbi gbogbo tí a ti ń sọ èdè Yorùbá, bí ẹ bá tún dé ìdí àtẹ tìróò tí ẹ rí ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ń gbé e wò lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé ìwúwo tí ó ń wá náà ni òjé.

Ojú wa kò ní fọ́ o, orí àwọn ọmọ wa kò sì ní dàrú. Àṣẹ.